Òjé kì í jẹrà

   

Ọ̀rọ̀ òkun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé: “Kí ni tiwa nínú ọ̀rọ̀ òkun? Láti Bassila dé etí òkun lé ní 300 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fi ojú rí òkun rí.” Ìbéèrè náà dára. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé omi, omi ni yóò dá wa lóhùn.

Òjò rọ̀ sí oko wa ní apá ìlà-oòrùn Bassila. Omi òjò náà ṣàn wọ inú odò kéékèèké. Àwọn odò kéékèèké ṣàn wọ inú odò Térou. Térou ṣàn wọ inú odò Ouémé. Ouémé gùn tó nǹkan bí 510 kìlómítà. Ó ń lọ sí gúúsù, ó gba Bonou àti Adjohoun kọjá, ó sì tú omi rẹ̀ sínú ọ̀sà Nokoué, níbi tí àwọn ará Ganvié kọ́ ilé wọn sí lórí omi. Láti Nokoué, omi náà gba ojú omi tí àwọn Faransé gbẹ́ ní Kútọnu ní ọdún 1885. Ibẹ̀ ló gbà wọ òkun.

Òkè odò ni àwa wà. Ìsàlẹ̀ odò ni àwọn ará Ganvié àti Kútọnu wà. Omi tí àwa bá ti lò tán ni wọ́n ń pẹja nínú rẹ̀. Ẹja náà sì ń padà wá sọ́dọ̀ wa. Ẹja yíyan àti edé gbígbẹ tí à ń rà lọ́jà, púpọ̀ nínú wọn gúúsù ni wọ́n ti wá. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ òkun kàn wá.

KÍ NI IRIN OLÓRÓ?

Gbogbo wa mọ òjé. Òun ni irin rírọ̀ tó wúwo, tí àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì. Òjé wà nínú bátìrì mọ́tò, nínú bátìrì alùpùpù, àti nínú ọ̀pọ̀ bátìrì ńlá tí à ń lò fún iná sólà.

Òjé ní àwọn ẹlẹgbẹ́. Ọ̀kan ń jẹ́ mẹ́kúrì. Ó ń dán bí fàdákà, ó sì ń ṣàn bí omi. Òmíràn ń jẹ́ kádímíọ̀mù. Ó máa ń wà nínú irú àwọn bátìrì kan àti nínú àwọn òkúta kan tí wọ́n ń wà nílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, irin olóró ni a ó máa pe gbogbo wọn.

Kí ló mú kí wọ́n yàtọ̀ sí ìdọ̀tí mìíràn? Ẹ da èèpo iṣu sẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ti jẹrà, ó ti di ilẹ̀, a sì lè gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù ń jẹrà. Igi ń jẹrà. Òjé kì í jẹrà. Mẹ́kúrì kì í jẹrà. Kádímíọ̀mù kì í jẹrà. Iná kò lè sọ wọ́n di asán, ẹ̀fúùfù ìgbẹ́ iná náà ló ń gbé wọn kiri. Ibi tí a bá sọ wọ́n sí ni wọn yóò wà títí di ayé ọmọ ọmọ wa, àfi bí omi bá gbé wọn lọ síbòmíràn.

Nínú ara èèyàn, òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọmọ náà kò ní tètè mọ ìwé, ojú rẹ̀ lè má fi nǹkan kan hàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan nínú ara ọmọ tí a lè pè ní èyí tí kò léwu. Kádímíọ̀mù ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń sọ egungun di aláìlágbára. Mẹ́kúrì ń ba ọpọlọ àti iṣan jẹ́, ó sì lè mú ọmọ tó ṣì wà nínú oyún.

ẸRẸ̀ NI ÀKÁ WỌN

Ẹ wo àmù omi nínú ilé. Ẹ pọn omi odò tó dà bí ẹrẹ̀ sínú rẹ̀ ní alẹ́. Ní òwúrọ̀, omi ti tòrò. Ojú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ẹ ó kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ìdọ̀tí náà kò lọ síbì kan. Ó kàn lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀sà àti etí òkun rí. Irin olóró máa ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ kíkúnná. Bí omi odò bá dé ibi tó tẹ́jú, tí kò sáré mọ́, ẹrẹ̀ náà ń rì sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú irin olóró lára rẹ̀. Ọdún dé, ọdún lọ, ipele kan ń gun orí ipele kejì. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká, bẹ́ẹ̀ ni ìsàlẹ̀ omi ń kó oró pamọ́.

Ojú omi lè mọ́ gaara kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún fún oró. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń bu ẹrẹ̀ láti wádìí rẹ̀. Wọn kì í bu omi nìkan.

Kòkòrò kéékèèké ń gbé inú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì ni oúnjẹ wọn. Edé àti akàn ń jẹ kòkòrò. Ẹja kékeré ń jẹ ohun tó bá rí. Ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré. Èèyàn ń jẹ ẹja ńlá. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì ní pàtàkì, oró náà ń pọ̀ sí i láti ẹnu kan dé ẹnu kejì. Ẹni tó jẹun kẹ́yìn ló ń jẹ oró tó pọ̀ jù.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ KPÉMÉ

Ẹ jẹ́ ká lọ sí etí òkun Tógò, lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kpémé, láàárín Lome àti Aného. Kò jìnnà sí bodè wa ní Hillacondji.

Láti nǹkan bí ọdún 1961 ni wọ́n ti ń wa òkúta fọ́sífátì ní Hahotoé àti Kpogamé. Fọ́sífátì ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ inú àpò tí àgbẹ̀ ń rà. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé òkúta náà lọ sí Kpémé. Ní Kpémé, ilé iṣẹ́ ń fi omi òkun fọ̀ ọ́. Fọ́sífátì tó dára ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sí òkè òkun. Ẹrẹ̀ tó ṣẹ́kù, inú òkun ni wọ́n ń tú u sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọ̀ omi etí òkun Kpémé ti yí padà nítorí ẹrẹ̀ náà.

Fọ́sífátì Tógò ní kádímíọ̀mù nínú ju ọ̀pọ̀ fọ́sífátì ilẹ̀ mìíràn lọ. Ní ọdún 1999, olùwádìí ọmọ Tógò kan àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí ẹrẹ̀ tí wọ́n bù ní etí òkun náà. Wọ́n bá kádímíọ̀mù àti àwọn irin mìíràn níbẹ̀. Ibi tí ilé iṣẹ́ ń tú ìdọ̀tí sí ni wọ́n ti pọ̀ jù. Bí a bá ṣe ń jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n ń dín kù. Ẹrẹ̀ jẹ́rìí, ó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹni tó dà á.

Ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Ilé iṣẹ́ àwọn ará òkè òkun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1974, ìjọba Tógò gbà á lọ́wọ́ wọn. Inú àwọn aráàlú dùn pé ọrọ̀ ilẹ̀ ti di ti ọmọ ilẹ̀. Ó tọ́ kí inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kò dúró. Ọ̀nà òkun tó ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ló ń gbà. Ẹrẹ̀ kò béèrè orúkọ ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Bí a bá gba ọrọ̀ ilẹ̀ wa, tí a kò sì gba ìtọ́jú ilẹ̀ náà mọ́ ọn, ìdajì iṣẹ́ la ṣe.

Nǹkan mìíràn tún wà. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ṣe òfin pé kádímíọ̀mù inú ajílẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wọn kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n kan. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2022. Wọ́n ń dáàbò bo oko wọn. Ó yẹ kí àwa náà dáàbò bo òkun wa. Ìgbì etí òkun wa ń ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, láti Tógò wá sí Bẹ̀nẹ̀. Omi kò mọ bodè, kò sì ní ìwé ìrìnnà.

KÚTỌNU ŃKỌ́?

A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tọ́ka sí aládùúgbò nìkan. Àwọn onímọ̀ ti bu ẹrẹ̀ ọ̀sà Nokoué àti ti ojú omi Kútọnu. Wọ́n bá òjé àti kádímíọ̀mù nínú rẹ̀.

Ibo ni wọ́n ti wá? Láti inú ìdọ̀tí ọjà àti ti ilé tí wọ́n dà sí etí omi. Láti inú epo mọ́tò àti òróró ẹ́ńjìnnì tó dà sílẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún bátìrì ṣe, tí wọ́n ń da omi rẹ̀ sínú gọ́tà. Láti ara ọ̀dà. Òjò ń fọ gbogbo rẹ̀ wọ inú ọ̀sà.

Epo mọ́tò fúnra rẹ̀ ní òjé nínú tẹ́lẹ̀. Ní June 2001, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Dakar, wọ́n ní kí wọ́n yọ òjé kúrò nínú epo. Nígbà tí ọdún 2006 fi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà ti jáwọ́ nínú epo olójé. Ní ọdún 2021, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn ní gbogbo ayé, Àlùjéríà, dá títà rẹ̀ dúró. Iṣẹ́ rere ni. Ó fi hàn wá pé bí àwọn èèyàn bá fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n lè dí orísun oró. Àmọ́ òjé tó ti jáde láti ẹ̀yìn mọ́tò kí ó tó di ìgbà náà, èyí tó wọ ẹrẹ̀ ṣì wà nínú ẹrẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé kí a má jẹ ẹja mọ́. Oúnjẹ tó dára ni ẹja fún àgbà àti fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n òjé àti kádímíọ̀mù máa ń pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ìjàgbọ̀n ẹja ju inú ẹran rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ yọ nǹkan inú ẹja dànù, ẹ yọ ìjàgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ tó sè é.

ÌLÚ MÉJÌ NÍ JÀPÁÀN

Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ àsọdùn ni. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú àwọn ará Jàpáàn rí.

Ní Minamata, ilé iṣẹ́ kan tú mẹ́kúrì sínú òkun láti ọdún 1932 títí di 1968. Àwọn ológbò tó ń jẹ ẹja ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì, tí wọ́n ń ṣubú. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn apẹja àti àwọn ọmọ wọn. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú kò ríran dáadáa, ẹnu kò lè sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1956 ni wọ́n kéde àrùn náà. Ọdún 12 tún kọjá kí ìjọba tó gbà pé ilé iṣẹ́ ló fà á. Àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí pé àrùn náà mú lé ní 2,000.

Mẹ́kúrì dúró nínú ẹrẹ̀. Láti ọdún 1977 dé 1990 ni wọ́n fi ń kó ẹrẹ̀ olóró náà kúrò. Ọdún 13 gbáko! Owó tí wọ́n ná kò kéré. Ìlú tó lówó ni Jàpáàn. Ta ni yóò kó ẹrẹ̀ Nokoué bí a bá bà á jẹ́ dé ibẹ̀?

Ìlú kejì jọ tiwa. Òun náà jẹ́ ọ̀rọ̀ òkè odò àti ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n ń wa irin ní Kamioka, ní òkè odò Jinzu. Kádímíọ̀mù bá omi ṣàn wálẹ̀, ó wọ oko ìrẹsì àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò. Egungun àwọn ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Orúkọ tí wọ́n sọ àrùn náà ni igbe tí àwọn aláìsàn ń ké: “Itai-itai.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Ó ń dùn mí, ó ń dùn mí.” Ní ọdún 1968, ìjọba gbà pé kádímíọ̀mù láti ibi ìwakùsà ni.

BÁTÌRÌ TÓ WÀ LỌ́DỌ̀ WA

Ní ìhín, a kò ní ilé iṣẹ́ fọ́sífátì. A ní bátìrì. Iná sólà pọ̀, alùpùpù pọ̀, tọ́ọ̀ṣì pọ̀. Ibo ni bátìrì tó ti kú ń lọ?

Ní Thiaroye-sur-Mer, ní etí òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn èèyàn ń fọ́ bátìrì mọ́tò láti yọ òjé rẹ̀ tà. Òjé kún inú yanrìn àdúgbò. Nígbà tí owó òjé gòkè, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jọ yanrìn náà bí ẹni jọ èlùbọ́, kí wọ́n lè rí òjé tà. Ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Láàárín oṣù November 2007 àti March 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Owó ọbẹ̀ ni àwọn ìyá náà ń wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ikú ni wọ́n ń jọ.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí a lè ṣe nìyí.

1. Ẹ má ṣe fọ́ bátìrì nínú ọgbà ilé. Ẹ má ṣe yọ́ òjé nínú ìkòkò oúnjẹ. Ẹ má ṣe da omi bátìrì sílẹ̀.

2. Ẹ má ṣe sọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní pílì, sínú odò, kànga tàbí ṣáláńgá. Ẹ má ṣe sun ún. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní bátìrì fi ṣeré.

3. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń lọ ohun dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì láti fi kun pátákó ìkọ̀wé. Ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n fi ń pò ó. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Èédú igi tí a lọ kúnná, tí a fi omi ewé pò, ń ṣe iṣẹ́ náà.

4. Ẹ jẹ́ kí abúlé kọ̀ọ̀kan ní àgbá kan tó ní ìdérí, ní ibi gbígbẹ tó jìnnà sí omi àti sí ọmọdé. Ibẹ̀ ni kí gbogbo ilé máa kó bátìrì tó ti kú sí. Bí ó bá kún, kí olórí abúlé lọ bá mẹ́rì ní Bassila, kí ó béèrè ibi tí wọn yóò kó o lọ. Àgbá kan kò lè tún òkun ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú àgbá tirẹ̀ lọ́wọ́ lè bi àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pé, “Tiyín dà?”

5. Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Ìwé òfin ńlá orílẹ̀-èdè wa, ti 11 December 1990, sọ ní abala 27 pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́, tó sì dára fún ìlera, ó sì jẹ́ ojúṣe rẹ̀ láti gbèjà rẹ̀. Abala 29 sọ pé kíkó ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ òkèèrè wá dà sí ilẹ̀ wa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin àyíká ti 12 February 1999 fi kún un pé ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ ni yóò san owó àtúnṣe rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ da ìdọ̀tí sí ilẹ̀ àgbẹ̀ á mú ìwé wá, á ní, “Ẹ tẹ ìka síbí.” Àgbẹ̀ á tẹ ìka sí ohun tí kò lè kà. Lónìí, ẹ̀yin lè kà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó nǹkan wá sin ní ilẹ̀ Manigri tàbí Bassila, bí wọ́n bá fẹ́ wa nǹkan nínú ilẹ̀ wa, ẹ gba ìwé náà, ẹ kà á. Ẹ béèrè pé: kí ni yóò ṣẹ́kù, ibo sì ni yóò ṣàn sí?

Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi burú ju ti eérú lọ. Ẹni tó da oró sómi ní òkè odò lè má rí i mọ́. Ọmọ ẹlòmíràn ní ìsàlẹ̀ odò ni yóò jẹ ẹ́. Ọmọ ẹlòmíràn náà lè jẹ́ ọmọ tiwa tó lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà nínú ilé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ní kíláàsì, kí ẹnì kan sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀:

Omi àdúgbò wa, inú odò wo ló ń ṣàn sí?

Bátìrì mélòó ló kú nínú ilé wa láti ọdún tó kọjá, ibo ni wọ́n wà báyìí?

Ta ni yóò wá àgbá, ọjọ́ wo ni a ó gbé e kalẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká parapọ̀. Ìjà tí à ń bá àìmọ̀ jà kò tíì parí.